Ó Ń Ṣubú, Kò sì Balẹ̀: Ìdí Tí Parabole Wa Fi Ń Wo Ojú Kan

 

Tí ẹ bá ń rìn lọ ní àdúgbò èyíkéyìí ní Parakou, ẹ gbé ojú sókè kí ẹ wo òrùlé. Parabole ló kún ibẹ̀. Ẹ tún wò ó dáadáa: gbogbo wọn ló fẹ́rẹ̀ẹ́ dojú kọ òkè tààrà, bí àwo tí wọ́n gbé síta kó gba omi òjò. Wọ́n ti fi irin dè wọ́n mọ́lẹ̀, wọn ò lè mira. Ibi tí wọ́n ń wò láàárọ̀, ibẹ̀ náà ni wọ́n ń wò lóru.

Bàbá àgbàlagbà kan bi wá léèrè lọ́jọ́ kan pé: "Ẹ ní ẹ̀rọ kan ló wà lókè tó ń fi àwòrán ránṣẹ́ sínú télé wa. Ó dáa bẹ́ẹ̀. Ta ló wá so ó rọ̀? Okùn wo ni wọ́n fi so ó? Kí ló dé tí kò já lé wa lórí?" Àwọn ọmọdé tó wà níbẹ̀ bú sẹ́rìn-ín. Àwa ò rẹ́rìn-ín o, torí ìbéèrè ọlọ́gbọ́n ni bàbá béèrè. Ìdáhùn rẹ̀ la fẹ́ ṣe lónìí. Ọ̀rọ̀ náà sì kan owó àpò wa, torí ẹni tó bá mọ ìdí tí parabole fi ń wo ojú kan, ó máa ṣòro kí ẹnikẹ́ni tó fi àìmọ̀ rẹ́ ẹ jẹ.

Kò sí okùn kankan, ó ń ṣubú ni

Ẹ jẹ́ ká sọ ọ́ ní ṣókí kó tó di pé a ṣàlàyé: sátẹ́láìtì ń ṣubú. Láti ọjọ́ tí wọ́n ti gbé e dé òkè ló ti ń ṣubú, ó ń ṣubú lọ́wọ́ báyìí tí ẹ ń ka ọ̀rọ̀ yìí. Ohun tó ṣẹlẹ̀ ni pé ó ń sáré síwájú débi pé bó ṣe ń ṣubú tó, kò bá ilẹ̀ pàdé.

Ẹ lè dán díẹ̀ wò níbẹ̀ nílé. Ẹ gbé ọsàn méjì sí etí tábìlì. Ẹ rọra ti ọ̀kan kó jábọ́ tààrà sílẹ̀, kí ẹ sì fi ọwọ́ gbá èkejì síwájú lẹ́ẹ̀kan náà. Ọ̀kan á balẹ̀ sí ẹsẹ̀ tábìlì, èkejì á lọ balẹ̀ sọ́ọ̀ọ́kán. Ṣùgbọ́n ẹ tẹ́tí sí ìró wọn: ẹ̀ẹ̀kan náà ni àwọn méjèèjì máa balẹ̀. Kí nìyẹn kọ́ wa? Pé eré tí nǹkan ń sá síwájú kì í dí i lọ́wọ́ kó má ṣubú. Ilẹ̀ ń fà á bó ṣe ń fa ti ẹnì kejì rẹ̀.

Ó yá, ẹ jẹ́ ká gun òkè àpáta Savè. Ká ní ọdẹ kan dúró sí góńgó òkè náà, ó sì yìnbọn síwájú, kì í ṣe sókè, kì í ṣe sísàlẹ̀. Ọta á lọ díẹ̀, á sì balẹ̀. Tí ìbọn bá lágbára sí i, ọta á lọ jìnnà sí i kó tó balẹ̀. Tí ó bá wá lágbára jù bẹ́ẹ̀ lọ ńkọ́? Ibẹ̀ lọ̀rọ̀ wà. Ohunkóhun tó bá bọ́ láti òkè máa ń já bọ́ tó nǹkan bíi mítà 5 ní ìṣẹ́jú-àáyá àkọ́kọ́, èyí tí àwọn ọmọ iléèwé wa ń pè ní seconde. Ilẹ̀ ayé náà sì rèé, róbótó ni, kò tẹ́jú. Tí ẹ bá fa ìlà tó gún régé láti iwájú yín lọ dé kìlómítà 8, ilẹ̀ á ti fi nǹkan bíi mítà 5 sọ̀ kalẹ̀ lábẹ́ ìlà náà.

Ẹ wá da méjèèjì pọ̀. Tí ọta yẹn bá lè sá kìlómítà 8 ní ìṣẹ́jú-àáyá kan, á ṣubú mítà 5, ilẹ̀ náà á sì ti sọ̀ kalẹ̀ ní mítà 5. Ní ìṣẹ́jú-àáyá tó tẹ̀ lé e, bákan náà. Ó ń ṣubú, ilẹ̀ ń yẹ̀ fún un. Kò sún mọ́ ilẹ̀, kò sì jìnnà sí i. Á kàn máa yí ayé po ní róbótó ni. Isaac Newton, ọmọ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ló fi irú àkàwé òkè àti ìbọn yìí ṣàlàyé ní ohun tó lé ní 300 ọdún sẹ́yìn, nígbà tí ẹnikẹ́ni ò tíì ní rọ́kẹ́ẹ̀tì.

Lóòótọ́, kò sí ìbọn ọdẹ tó lè ṣe é. Atẹ́gùn tó wà nítòsí ilẹ̀ náà ò sì ní gbà, torí á dá nǹkan náà dúró, á tún fi ooru jó o. Ìdí rèé tí rọ́kẹ́ẹ̀tì fi máa ń kọ́kọ́ gbé sátẹ́láìtì gòkè kọjá atẹ́gùn, kó tó tì í síwájú pẹ̀lú eré tó yẹ. Àwọn ará Rọ́ṣíà ló kọ́kọ́ ṣe é yọrí, pẹ̀lú Sputnik, ní ọjọ́ 4 oṣù kẹwàá ọdún 1957. Nígbà yẹn, Dahomey ni orílẹ̀-èdè wa ṣì ń jẹ́, abẹ́ Faransé la sì wà.

Ẹ̀yin tó ti fi kànnàkànnà lé ẹyẹ lóko rí, ẹ ti mọ ìyókù ọ̀rọ̀ yìí. Bí ẹ ṣe ń fi kànnàkànnà, ọwọ́ yín ló ń fa òkò mọ́ra, òun ni kì í jẹ́ kó lọ. Tí ẹ bá tú okùn sílẹ̀, òkò á lọ tààrà. Òòfà ilẹ̀ ni okùn sátẹ́láìtì. Tí òòfà yẹn bá tán lójijì, sátẹ́láìtì ò ní já lulẹ̀, ńṣe ló máa bá tirẹ̀ lọ, a ò sì ní rí i mọ́ láéláé. Nítorí náà, agbára tí bàbá ń bẹ̀rù pé á fà á já lé wa lórí, agbára yẹn gan-an ló ń dá a dúró sọ́dọ̀ wa.

Nǹkan méjì míì wà níbẹ̀ tó máa ń ya àwọn èèyàn lẹ́nu. Àkọ́kọ́: sátẹ́láìtì kì í jó epo láti máa yí po. Tó bá ti ní eré tó yẹ, tí atẹ́gùn ò sì sí lọ́nà rẹ̀, á máa lọ náà ni. Ìkejì: bó ṣe tẹ̀wọ̀n tó ò kan eré rẹ̀. Èyí tó tóbi bíi bọ́ọ̀sì àti èyí tó kéré bíi korobá, tí wọ́n bá wà ní ibi gíga kan náà, eré kan náà ni wọ́n máa sá.

Bó ṣe ń ga sí i ni eré rẹ̀ ń dínkù

Ẹnì kan lè rò pé èyí tó ga jù ló gbọ́dọ̀ sáré jù. Òdìkejì rẹ̀ ni. Òòfà ilẹ̀ máa ń rọ̀ bí a bá ṣe ń jìnnà sí àárín ayé: tí a bá sọ ìjìnnà náà di ìlọ́po méjì, òòfà á ku ìdá kan nínú mẹ́rin. Okùn tí kò le kì í mú òkò tó ń sá eré àsápajúdé. Sátẹ́láìtì tó wà lókè réré gbọ́dọ̀ rọra lọ, bí bẹ́ẹ̀ kọ́, á já gbà. Ẹ wo bó ṣe rí:

– Àwọn sátẹ́láìtì Starlink, tí ètò íntánẹ́ẹ̀tì wọn dé Benin ní oṣù kọkànlá ọdún 2023, púpọ̀ nínú wọn wà ní nǹkan bíi kìlómítà 550 lókè. Wọ́n ń sá kìlómítà 7,6 ní ìṣẹ́jú-àáyá kan, wọ́n sì ń yí gbogbo ayé po láàárín ìṣẹ́jú 95.

– Àwọn sátẹ́láìtì GPS, tó ń júwe ọ̀nà fún àwọn awakọ̀ lórí fóònù, wà ní kìlómítà 20 200. Kìlómítà 3,9 ni wọ́n ń sá ní ìṣẹ́jú-àáyá kan, wákàtí 12 ó dín díẹ̀ ni wọ́n sì fi ń yí po.

– Àwọn sátẹ́láìtì tẹlifíṣọ̀n wà ní kìlómítà 35 786. Kìlómítà 3 ó lé díẹ̀ ni eré tiwọn.

– Òṣùpá fúnra rẹ̀, nǹkan bíi kìlómítà 384 000 ló fi jìnnà sí wa. Kò sá ju kìlómítà kan lọ ní ìṣẹ́jú-àáyá kan, ọjọ́ 27 ó lé díẹ̀ ló sì fi ń yí wa po. Òfin tó de sátẹ́láìtì ló de òun náà.

Ká lè mọ bí eré yìí ṣe tó, ẹ rántí ojú irin tó wá láti Cotonou dé Parakou. Kìlómítà 438 ni. Nígbà tí ọkọ̀ ojú irin ń ṣiṣẹ́, ìrìn-àjò ọjọ́ kan gbáko ni fún ẹni tó gbé ẹrù iṣu dání. Sátẹ́láìtì Starlink á parí irú ìrìn yẹn kí ìṣẹ́jú kan tó pé.

Ibì kan ṣoṣo tó bá ayé mu

Ẹ padà wo àwọn iye yẹn. Tí èyí tó wà nílẹ̀ bá ń lo wákàtí kan àtààbọ̀, tí òṣùpá sì ń lo ọjọ́ 27, ó dájú pé ibì kan wà láàárín wọn tí nǹkan á ti máa lo ọjọ́ kan géérégé. Ibẹ̀ ni kìlómítà 35 786 yẹn. Wákàtí 23, ìṣẹ́jú 56 àti ìṣẹ́jú-àáyá 4 ni ayé fi ń yí ara rẹ̀ po lẹ́ẹ̀kan, iye yẹn náà sì ni sátẹ́láìtì tó wà níbẹ̀ fi ń yí ayé po.

Ẹ fojú inú wo ẹnì kan tó dúró sáàárín agbo ijó tó ń yí lójú kan, tí ẹnì kejì sì ń rìn yí i ká. Tí àwọn méjèèjì bá jọ ń yí ní ìwọ̀n kan náà, ojú wọn ò ní kúrò lára wọn. Ẹni tó ń yí ká ò dúró o, ó ń rìn kíkan. Ṣùgbọ́n lójú ẹni tó wà láàárín, bí ẹni pé ó dúró ni. Ìyẹn ni parabole àti sátẹ́láìtì. Sátẹ́láìtì yẹn ń sá kìlómítà 3 ní gbogbo ìṣẹ́jú-àáyá, Parakou náà ń bá ilẹ̀ ayé yí lọ, àwa àti òun jọ ń lọ ni. Ìdí rèé tí a fi lè fi irin de parabole mọ́ ojú kan kó sì máa rí àwòrán tọ̀sán-tòru.

Arthur C. Clarke, ọmọ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ló kọ ọ́ sínú ìwé ìròyìn ní oṣù kẹwàá ọdún 1945 pé a lè fi ibi yẹn gbé ọ̀rọ̀ àti àwòrán káàkiri ayé. Ní oṣù kẹjọ ọdún 1964, wọ́n gbé Syncom 3 lọ síbẹ̀, òun ló sì gbé àwòrán ìdíje Òlíńpíìkì Tokyo kọjá òkun lọ́dún náà.

Ó ku ẹyọ kan. Ọ̀nà tí sátẹ́láìtì ń tọ̀ gbọ́dọ̀ yí àárín ayé po, kò lè yí etí kan po. Nítorí náà, èyí tó bá fẹ́ dúró sójú kan lójú wa, kò síbòmíràn tó lè wà ju òkè ìlà tó pín ayé sí méjì dọ́gba, tí wọ́n ń pè ní équateur. Kò lè dúró lókè Parakou gan-an láé. Parakou fi ohun tó lé ní kìlómítà 1 000 wà ní àríwá ìlà yẹn. Ẹ lọ sí gúúsù, ẹ kọjá Cotonou, ẹ wọ inú òkun lọ ní nǹkan bíi kìlómítà 700, ibẹ̀ ni ìlà náà gbà kọjá.

Torí pé kò jìnnà sí wa púpọ̀ ni parabole wa ṣe fẹ́rẹ̀ẹ́ máa wo àtàrí ọ̀run. Tí sátẹ́láìtì bá wà ní gúúsù wa tààrà, nǹkan bíi dígírì 79 ni parabole Parakou máa fi gbójú sókè, nínú 90. Àwọn ọmọ wa tó wà ní Paris ńkọ́? Tiwọn ò lè ju dígírì 34 lọ, ṣe ló dà bí ẹni tó ń yọjú wo ilé aládùúgbò láti orí ògiri. Sátẹ́láìtì kan náà ni o. Ibi tí a dúró sí ló yàtọ̀.

Sátẹ́láìtì tiwa tó jò

Ẹ má rò pé ọ̀rọ̀ àwọn òyìnbó nìkan ni èyí. Àwọn orílẹ̀-èdè Áfríkà ní ẹgbẹ́ kan tó ń jẹ́ RASCOM, tí olú ilé iṣẹ́ rẹ̀ wà ní Abidjan. Ohun tí wọ́n ń fẹ́ ni pé kí fóònù lè dé àwọn abúlé, kí ẹni tó wà ní orílẹ̀-èdè Áfríkà kan sì lè bá ẹni tó wà ní òmíràn sọ̀rọ̀ láìjẹ́ pé ohùn wọn kọ́kọ́ lọ gba Yúróòpù. Ní ọjọ́ 21 oṣù kejìlá ọdún 2007, rọ́kẹ́ẹ̀tì Ariane 5 gbé sátẹ́láìtì wọn, RASCOM-QAF1, gbéra láti Kourou ní ilẹ̀ Guyane ti Faransé. Ibùdó tí wọ́n yàn fún un lókè òkun Guinée fẹ́rẹ̀ẹ́ wà ní gúúsù Parakou tààrà.

Àmọ́ gáàsì hélium inú rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í jò. Ó ṣì dé ibùdó rẹ̀, ṣùgbọ́n ọdún 15 tí wọ́n fọkàn sí dínkù di ọdún díẹ̀ péré. Wọ́n ní láti kọ́ òmíràn, RASCOM-QAF1R, tí wọ́n gbé lọ ní ọjọ́ 4 oṣù kẹjọ ọdún 2010.

Ẹ ó ní: ṣebí ẹ sọ pé kì í jó epo? Òótọ́ ni, kò nílò epo láti má ṣubú. Ṣùgbọ́n oòrùn àti òṣùpá náà ń fà á díẹ̀díẹ̀, ilẹ̀ ayé fúnra rẹ̀ ò sì rí róbótó délẹ̀délẹ̀. Àwọn wọ̀nyí ń sún un kúrò lójú rẹ̀, epo díẹ̀ ló sì fi ń padà sáyè rẹ̀. Tí ìyẹn bá tán, kò ní já lulẹ̀, á kàn bẹ̀rẹ̀ sí í rìn gbéregbère, parabole tí a ti dè mọ́ ojú kan ò sì ní rí i mọ́. NigComSat-1 ti àwọn ará Nàìjíríà náà kú ní oṣù kọkànlá ọdún 2008 nítorí wàhálà ara iná oòrùn rẹ̀. Òun náà ò já lé ẹnikẹ́ni lórí.

Àwọn tó wà nílẹ̀ bíi Starlink ló ń bá atẹ́gùn díẹ̀ pàdé. Ìyẹn máa ń dín eré wọn kù, tí wọ́n bá sì ti parí iṣẹ́, wọ́n á já wálẹ̀, iná á sì jó wọn lókè kí wọ́n tó dé ọ̀dọ̀ wa.

Kí ló wá kàn wá nínú rẹ̀?

Ó kàn wá o. Ẹ jẹ́ ká sọ ọ́ lọ́kọ̀ọ̀kan.

Ẹni tó bá ní kí ẹ sanwó òpó gíga kí parabole lè sún mọ́ sátẹ́láìtì, ẹ bi í léèrè pé mítà 3 mélòó ló wà nínú kìlómítà 36 000. Gíga ò ṣe nǹkan kan. Kí igi tàbí ògiri má ti dí i lójú ló ṣe pàtàkì. Bí tiwa sì ṣe ń wo òkè yìí, ẹ lè gbé e sórí ìpìlẹ̀ símẹ́ńtì nínú àgbàlá, kó sì ṣiṣẹ́ bíi ti orí òrùlé, tí ọmọdé àti ewúrẹ́ ò bá ti ní í dé ìdí rẹ̀.

Ìjì ìbẹ̀rẹ̀ òjò ló ń ba parabole jẹ́ jù níhìn-ín. Tó bá fi dígírì kan péré sún un, ibi tí parabole ń wò lókè lọ́hùn-ún á ti fi ohun tó lé ní kìlómítà 600 kúrò lára sátẹ́láìtì. Nítorí náà, lọ́jọ́ tí oníṣẹ́ bá ti tò ó tán tí àwòrán sì dára, ẹ fi ọ̀dà fa ìlà sára irin ìdí rẹ̀. Tí ìjì bá sún un, ẹ̀yin fúnra yín lè dá a padà sójú ìlà, kí ẹ sì dè é le.

Tí àwòrán bá ń lọ lọ́sàn-án gangan fún ìṣẹ́jú díẹ̀, ní àárín oṣù kẹta tàbí ní ìparí oṣù kẹsàn-án, ẹ má pe oníṣẹ́. Oòrùn ló lọ dúró sẹ́yìn sátẹ́láìtì, tí ariwo tirẹ̀ sì bo ti sátẹ́láìtì mọ́lẹ̀. Láàárín ọjọ́ díẹ̀, á kọjá lọ. Tó bá jẹ́ pé òjò ńlá ló ń rọ̀, omi ló ń gbé ìró náà mì. Ẹ ní sùúrù kó dá.

Ẹni tó bá sì ń fi sátẹ́láìtì tó jìnnà yẹn pe fóònù, á gbọ́ pé ìdáhùn ń pẹ́ díẹ̀. Kì í ṣe pé ẹni tó wà lọ́hùn-ún ń rò ó kó tó fèsì. Ohùn yín ń lọ sókè, ó ń padà wálẹ̀, ìyẹn kìlómítà 72 000, èsì náà á tún rin bẹ́ẹ̀. Ó máa gbà tó ààbọ̀ ìṣẹ́jú-àáyá. Ti Starlink ò pẹ́ bẹ́ẹ̀, torí ó wà nítòsí. Ṣùgbọ́n torí pé àwọn yẹn ń sáré kọjá ni, pátákó rẹ̀ gbọ́dọ̀ máa fi ọ̀kan sílẹ̀ mú òmíràn, ó sì ń fẹ́ ojú ọ̀run tó ṣí sílẹ̀ dáadáa. Ẹ má gbé e sábẹ́ igi máńgò.

A ti padà lọ sọ ìdáhùn yìí fún bàbá. Wọ́n dákẹ́ fún ìgbà díẹ̀, wọ́n wo parabole orí òrùlé, wọ́n ní: "Ẹ̀yin ọmọ yìí, ẹ ò wá ní òun náà ò ní ìsinmi." Bẹ́ẹ̀ ni, bàbá. Ọjọ́ tó bá dúró kó sinmi lọ́jọ́ náà ló máa já lulẹ̀.